Mo ti pààrọ̀ epo bíréèkì ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mi, síbẹ̀ ọwọ́ bíréèkì ń rọ̀ bíi kànìnkànìn

AgbẹKajú (ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀), Ọjọ́ Ajé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Oko kajú ni mo ń dá ní ẹ̀yìn Ṣakí, ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí mo rà ní tòkunbọ̀ ni mo sì fi ń ru omi àti ajílẹ̀ gun òkè. Onídísìkì ni bíréèkì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́ bíréèkì apá ọ̀tún ni ó ń mú táyà iwájú méjèèjì, ti ẹ̀yìn sì ní máàsítà (ẹ̀rọ kékeré tí ń ti epo bíréèkì lọ sí ìdí táyà) tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin lẹ́yìn. Bíréèkì iwájú kọ́kọ́ ń mú dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé agbede méjì ọ̀nà, ọwọ́ bíréèkì wọlé títí ó fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò sì di ohunkóhun mú. Bíréèkì ẹ̀yìn ni ó gbà mí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ tutù tán, ọwọ́ bíréèkì tún le padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní àdúgbò. Ó tú kálípà iwájú méjèèjì (ohun tí ń fún pádì mọ́ dísìkì) pẹ̀lú họ́ọ̀sì wọn, ó fọ̀ wọ́n, ó fi pádì tuntun sí i, ó sì dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ bíréèkì ti rọ̀, kò sì dúró de ìgbà tí ó bá gbóná mọ́. Èmi fúnra mi wá ra epo bíréèkì DOT 4 (DOT ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ irú epo bíréèkì), mo fi sírínjì fa ògbólógbòó kúrò nínú agolo epo, mo rọ tuntun sí i, èmi àti ọmọ mi sì lé atẹ́gùn jáde nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Epo tí ó ń jáde ti mọ́ gaara, ìhó kankan kò sì bá a jáde mọ́, síbẹ̀ ọwọ́ bíréèkì kò le. Kí ni ó kù tí n kò ṣe?

Ọ̀gáSípánà, Ọjọ́ Ajé

Ẹ kú ewu o, àbúrò mi, a dúpẹ́ pé ẹ sọ̀ láìfarapa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ yín sí méjì, nítorí pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ kó sínú àpò kan.

Èyí tí ó ṣe yín lórí òkè, tí bíréèkì ń mú nígbà tí ó tutù, tí ó sọ agbára nù nígbà tí ó gbóná, tí ó sì bọ̀ sípò nígbà tí ó tún tutù, omi inú epo ni ó sábà máa ń fà á. Epo bíréèkì DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ ṣe ń ṣe nígbà òjò. Ó ń gba ara họ́ọ̀sì rọ́bà wọlé, ó ń gba ẹnu agolo wọlé, ojú kò sì rí i. DOT 4 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gbọ́dọ̀ lè fara da ooru tó 230°C kí ó tó hó, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti tó ìpín 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí òṣùwọ̀n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 155°C lọ. Ti DOT 3 jẹ́ 205°C ní tuntun, ó sì di 140°C nígbà tí ó bá ti mu omi tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí ẹ sì ń di bíréèkì mú láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ooru pádì á gba ara písítìnì (irin tí epo ń tì kí ó lè ti pádì) wọnú epo, epo tó ti mu omi á hó nínú kálípà, yóò sì di oru. Epo kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n oru ṣeé fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ bíréèkì fi wọlé lásán. Epo tuntun tí ẹ rọ ti wo àìsàn yẹn.

Èyí tí ó ń ṣe yín báyìí, atẹ́gùn ni mo fura sí, ṣùgbọ́n n kò ní dájọ́ kí n tó mọ bí ẹ ṣe ṣe é. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń nu orí agolo epo mọ́ tónítóní kí n tó ṣí i, nítorí pé yanrìn bíńtín tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ tó láti ha máàsítà nínú. Mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sípánà olójú yípo há orí nípù, ìyẹn bóòtù kékeré oníhò tí ó wà lára kálípà. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, sípánà 8 ni ó máa ń gbà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ki rọ́bà funfun tí ó ṣeé rí inú rẹ̀ bọ ẹnu nípù, kí ẹnu kejì rọ́bà náà sì rì sínú epo tuntun díẹ̀ nínú ìgò. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ á rọra fa ọwọ́ bíréèkì, á dì í mú, á ní “mo ti dì í mú”. Èmi á tú nípù díẹ̀, epo á jáde, èmi á dé e, n ó sì ní “jọ̀wọ́ rẹ̀”. Ẹni òkè kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ kí n tó dé nípù, nítorí pé bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kálípà á fa atẹ́gùn padà sínú. Lẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún, mo máa ń bu epo kún agolo, kí ó má baà gbẹ. Bí agolo bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Táyà tí ó jìnnà jù sí máàsítà ni a kọ́kọ́ ń ṣe, kí a tó wá bọ̀ sí èyí tí ó sún mọ́ ọn.

Ẹ dá mi lóhùn lórí ohun méjì. Bí ẹ bá di ọwọ́ bíréèkì mú ṣinṣin fún ìdajì ìṣẹ́jú, ṣé ó máa ń rọra sọ̀ lọ sísàlẹ̀, àbí ibi tí ẹ dì í mú sí ni ó ń dúró sí? Bí ẹ bá sì fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kíákíá, ṣé ó máa ń le sí i?

Ẹlẹ́rọÌlọrin, Ọjọ́ Ajé

Ẹ má bínú pé mo gba ẹnu Ọ̀gá. Bí omi bá jẹ́ ọ̀tá epo bíréèkì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò kúkú rọ DOT 5 sí i? Sílíkónì ni wọ́n fi ṣe é, kì í mu omi rárá, kì í sì í bó ọ̀dà bí ó bá kán sí ara kẹ̀kẹ́. Iye tí ó wà lára rẹ̀ ga ju 4 lọ, 5.1 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ó sàn fún ẹni tí ń la odò àti ẹrẹ̀ kọjá.

ÌyáOko_Texas, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ̀gbọ́n Ìlọrin, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ní kí ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn yìí láìfi ìkìlọ̀ tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ẹran ọ̀sìn ni èmi àti ọkọ mi ń tọ́jú ní Texas, ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́ta ni ó wà lọ́wọ́ wa, èmi ni mo sì ń ṣe bíréèkì gbogbo wọn.

DOT 5 kì í ṣe ẹ̀gbọ́n DOT 4, DOT 5.1 kì í sì í ṣe ọmọ DOT 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn ń tan ènìyàn jẹ. DOT 3, 4 àti 5.1 jẹ́ ẹbí kan náà, tí wọ́n fi gáíkólì, irú kẹ́míkà olómi kan tí ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ṣe. DOT 5 nìkan ni sílíkónì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá da sílíkónì lu epo gáíkólì tí ó ti wà nínú họ́ọ̀sì, méjèèjì kò ní dàpọ̀, wọ́n á sì ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Lóòótọ́, sílíkónì kì í mu omi, ṣùgbọ́n kò sọ pé omi kò ní wọlé. Omi tí ó bá wọlé á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ kálípà gẹ́gẹ́ bí omi lásán, níbi tí ooru pọ̀ sí jù, á máa jẹ irin níbẹ̀, á sì hó ní nǹkan bíi 100°C. Sílíkónì tún máa ń di atẹ́gùn kéékèèké mọ́ra, tó fi jẹ́ pé lílé atẹ́gùn kúrò nínú rẹ̀ le ju ti ìyókù lọ.

Ohun tí ó bá wà lára ìdérí agolo epo ni kí a rọ. Polaris ní DOT 4 ni kí a lò sí tiwọn. Yamaha kọ ọ́ sínú ìwé tí ó ń bá kẹ̀kẹ́ wọn wá pé kí a máa pààrọ̀ epo bíréèkì ní ọdún méjì-méjì, kí a sì máa pààrọ̀ họ́ọ̀sì rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Èmi kì í dúró kí epo pọ́n tàbí kí ó dúdú kí n tó pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé omi kì í yí àwọ̀ epo padà. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí mo ṣe é sórí bébà, mo sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àga kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀gbọ́n AgbẹKajú, ẹ jọ̀ọ́, bí epo náà bá kán sórí ọ̀dà tàbí pílásítíkì, omi ni kí ẹ dà lé e lórí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún ká. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ àwọn rọ́bà inú kálípà, nítorí pé ohunkóhun tí ó bá ti inú epo rọ̀bì wá máa ń mú kí wọ́n wú.

AgbẹKajú, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ ṣeun, Ìyá Oko. DOT 4 ni ó wà lára ìdérí tèmi, òun náà ni mo sì rà.

Ọ̀gá, mo ṣe ìdánwò méjèèjì kí n tó lọ sóko lónìí. Mo di ọwọ́ bíréèkì mú títí mo fi ka ọgbọ̀n, kò sọ̀ rárá, ibi tí mo dì í mú sí ni ó dúró sí. Nígbà tí mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ó gòkè wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tí mo tún fà á, á ti rọ̀ padà. Mo yẹ gbogbo ojú ìso wò pẹ̀lú bébà funfun, epo kankan kò jò.

ỌmọEtíÒkun, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ń tọ́jú àwọn ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí àwọn ènìyàn ń yá gùn lórí yanrìn etí òkun ní Èkó, ọ̀rọ̀ nípù ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé òun ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé ìdí epo rárá.

Iyọ̀ òkun àti ẹrẹ̀ máa ń há ìdí nípù mọ́ kálípà títí á fi dà bí ẹni pé wọ́n jó wọn pọ̀. Ihò ni inú nípù, ara rẹ̀ kò nípọn, nítorí náà bí a bá fi agbára tú u, orí rẹ̀ á kán, ìdí rẹ̀ á sì kù sínú kálípà, inú ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ ni ọ̀rọ̀ á parí sí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà fọ ìdí rẹ̀, mo á fọ́n epo tí ń tú ìpẹtà sí i, mo á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo bá fẹ́ tú u, mo máa ń kọ́kọ́ dè é díẹ̀ sí i, kí ìpẹtà náà lè já, kí n tó wá yí i sí ọ̀nà títú. Sípánà olójú yípo tí ó ní igun mẹ́fà ni mo ń lò, n kì í lo olójú ṣíṣí, nítorí pé ó máa ń jẹ igun nípù.

Nígbà tí a bá ń dè é padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi apá ṣe é. Nǹkan bíi 5 sí 6 N·m (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń de bóòtù) ni ìwé àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí sábà máa ń béèrè fún, èyí kò sì ju agbára ọwọ́ ẹni tí ó di sípánà kúkúrú mú nítòsí orí rẹ̀ lọ. Kí ẹ sì wá rọ́bà kékeré tí ó ń dé ẹnu nípù. Tí rọ́bà yìí bá ti bọ́ sọnù, yanrìn á kún inú ihò náà, àwa tí a wà létí òkun sì ti mọ̀ pé bí a kò bá kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ yọ yanrìn ọ̀hún, epo kò ní jáde bó ti wù kí a tú nípù tó.

Olùṣọ́Àgùntàn, Ọjọ́rú

Ẹ kú ìjókòó o. Oko àgùntàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Wales, níbi tí ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti gba iṣẹ́ ẹṣin lọ́wọ́ ẹṣin. Òjò kì í fẹ́ẹ̀ dá lọ́dọ̀ wa, nítorí náà bíréèkì kì í sinmi lọ́wọ́ mi. Ọgbọ́n mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń kù díẹ̀ káàtó.

Èkíní ni pọ́ńpù tí ń fa epo láti ẹnu nípù. Ó dára fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tan ènìyàn, nítorí pé nígbà tí a bá ti tú nípù, atẹ́gùn ìta máa ń gba ojú okùn bóòtù rẹ̀ wọnú rọ́bà funfun, a ó sì máa rí ìhó tí kò lópin, bẹ́ẹ̀ inú kálípà ti lè mọ́ tipẹ́. Ẹni tí ó bá fi gírísì díẹ̀ yí ìdí nípù ká á rí i pé ìhó náà dín kù.

Èkejì ni pé kí a gbé epo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Atẹ́gùn fúnra rẹ̀ fẹ́ gòkè ni, kí ló dé tí a fi ń fi tipátipá fà á wá sísàlẹ̀? Bí a bá ti fi epo tuntun fọ ọ̀nà náà mọ́ tán, kí ìdọ̀tí kálípà má baà gòkè lọ bá máàsítà, a ó fa epo inú agolo dín kù, a ó fi epo tuntun kún sírínjì ńlá, a ó so rọ́bà rẹ̀ mọ́ nípù láìjẹ́ kí atẹ́gùn wà nínú rọ́bà náà, a ó tú nípù, a ó sì rọra tì í. Ìhó á jáde nínú agolo lókè, ẹ ó sì máa fojú rí i. Kí ẹ ṣọ́ agolo kí ó má kún ṣàn sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fa ọwọ́ bíréèkì, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é láìmọ ìdí rẹ̀. Bí ọwọ́ bíréèkì bá wà ní fífà, rọ́bà písítìnì máàsítà ti kọjá ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ agolo, ọ̀nà sí agolo sì dí. Àwọn ìhó wẹ́wẹ́ á rọra gòkè wá péjọ sí iwájú rọ́bà náà ní òru. Nígbà tí ẹ bá tú okùn, tí písítìnì padà sẹ́yìn, ihò náà á ṣí, wọ́n á sì bọ́ sínú agolo. Kí ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ títí máàsítà yóò fi jẹ́ ibi tí ó ga jù lọ ní gbogbo ọ̀nà epo. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí kò bá rí ọ̀nà dé òkè, okùn kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹlẹ́rọÌlọrin, Ọjọ́rú

Ìyá Oko, mo ti gbọ́, mo sì dúpẹ́. Mo ti rọ DOT 5 sínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọdún tó kọjá lórí DOT 4 tí ó wà níbẹ̀. N ó lọ bá a lónìí, kí a má ṣe gùn ún mọ́ títí a ó fi tú gbogbo rẹ̀. Ṣé fífi epo tuntun fọ̀ ọ́ tó, àbí rọ́bà inú rẹ̀ ni a ó pààrọ̀?

Ọ̀gáSípánà, Ọjọ́rú

Ẹlẹ́rọÌlọrin, bí ó bá ti tó ọdún kan, ẹ tú máàsítà àti kálípà, kí ẹ fọ gbogbo irin wọn, kí ẹ sì fi kíìtì rọ́bà tuntun sí i. Fífọ̀ nìkan máa ń fi sílíkónì sílẹ̀ ní àwọn kọ̀rọ̀. N kò ní fi ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n yín dán an wò.

AgbẹKajú, Ọjọ́bọ̀

Mo fi okùn so ó di àárọ̀ bí Olùṣọ́Àgùntàn ṣe wí. Nígbà tí mo tú u, mo rí ìhó wẹ́wẹ́ bíi mẹ́rin tí ó gòkè nínú agolo, inú mi sì dùn. Ọwọ́ bíréèkì le ju ti àná lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wọlé ju ìdajì lọ kí ó tó mú. Mo tún fi sírínjì ti epo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ní kálípà méjèèjì. Epo gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, ìhó kò bá a jáde, ọwọ́ bíréèkì kò sì yí padà.

N kò mọ ohun tí ó kù. Ṣé kí n ra máàsítà mìíràn ní Arárọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, nígbà tí mo bá dé Ìbàdàn? Owó rẹ̀ kò kéré, mi ò sì fẹ́ ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ọ̀gáSípánà, Ọjọ́bọ̀

Ẹ má ra ohunkóhun o, àbúrò mi. Máàsítà yín kò bàjẹ́. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti jẹ, ọwọ́ bíréèkì ì bá máa rọra sọ̀ nígbà tí ẹ dì í mú títí ẹ fi ka ọgbọ̀n, ẹ sì ti ní kò sọ̀. Bí ó bá ń le sí i nígbà tí ẹ bá fà á léraléra, ohun méjì ni ó lè jẹ́. Bóyá nǹkan kan ń ti pádì sẹ́yìn kúrò lára dísìkì, bíi bẹ́árìn táyà tí ó ti jẹ tàbí dísìkì tí ó ti wọ́; tàbí kí atẹ́gùn kan wà níbi tí kò ti rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú kẹ̀kẹ́, kí ẹ mi táyà síwá sẹ́yìn, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń mì.

Lẹ́yìn náà, mo tún ka ohun tí ẹ kọ ní Ọjọ́ Ajé, ibì kan sì dá mi dúró. Ẹ ní mẹkáníìkì tú kálípà méjèèjì *pẹ̀lú họ́ọ̀sì wọn* kí ó tó dá wọn padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, kí ẹ wo kálípà ọ̀tún, kí ẹ sì wo ti òsì. Apá ibo ni nípù wà? Ṣé òun ni ó ga jù lọ lára kálípà, àbí ibi tí họ́ọ̀sì ti wọlé ni ó wà lókè rẹ̀?

Òkè pátápátá ni nípù gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé òkè ni atẹ́gùn ń lọ. Kálípà ọ̀tún àti ti òsì jọra bí ìbejì, bóòtù wọn sì máa ń bá ihò ara wọn mu nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́. Bí a bá ṣì wọ́n gbé fún ara wọn, nípù á bọ́ sísàlẹ̀, epo á máa gba abẹ́ atẹ́gùn kọjá, á sì máa jáde ní mímọ́ gaara láìní ìhó, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn á jókòó sí òkè kálípà. Ẹ lè lé atẹ́gùn lọ́nà yìí títí di ọdún tí ń bọ̀.

AgbẹKajú, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá! Ìsàlẹ̀ ni nípù méjèèjì wà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni, ẹ̀gbẹ́ ẹrẹ̀. Mo ti wò wọ́n ní àìmọye ìgbà, mo ti tú wọn, mo ti dè wọ́n, n kò sì rò ó rí pé ó yẹ kí wọ́n wà ní ibòmíràn. Bẹ́árìn táyà kò mì.

Ọ̀gáSípánà, Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ tú wọn, kí ẹ gbé ti ọ̀tún sí ọ̀tún, kí ẹ gbé ti òsì sí òsì. Ẹ ra wáṣà bàbà tuntun mẹ́rin, méjì fún họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé èyí tí a ti fún mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sábà dí dáadáa mọ́. Ẹ ki igi pẹlẹbẹ bọ àárín pádì nígbà tí kálípà bá wà nílẹ̀, kí ọmọ má lọ fa ọwọ́ bíréèkì kí písítìnì sì fò jáde. Ẹ wo ọ̀pá tí kálípà ń rìn lórí rẹ̀ bóyá ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ó bá há, gírísì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì ni kí ẹ fi sí i, nítorí pé ọ̀pá tí ó há máa ń mú kí pádì máa fara ha dísìkì, ooru tí ó sì ń tibẹ̀ wá lè wà lára ohun tí ó hó epo yín lórí òkè lọ́jọ́sí.

AgbẹKajú, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo parí rẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí. Ọ̀pá kálípà òsì há lóòótọ́. Mo fi bébà olókùúta wẹ́wẹ́ pa á, mo fi gírísì sí i, ó sì ń rìn báyìí. Lẹ́yìn tí mo ti gbé kálípà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, tí nípù wà lókè, ọmọ mi jókòó sórí kẹ̀kẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ táyà òsì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tú nípù, atẹ́gùn tí ó jáde pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí epo inú ìgò fi tú bíi omi àmàlà lórí iná. Ti ọ̀tún náà rí bẹ́ẹ̀. Kò tó ogún ìgbà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ bíréèkì fi dúró gbọn-in.

N kò gba ọ̀nà òkè lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ ní àgbàlá, mo di bíréèkì mú, mo gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, mo sì tún yẹ ojú ìso gbogbo wò. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ru kẹ́ẹ̀gì méjì gun òkè, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Ó mú láti òkè dé ilẹ̀, ìka méjì péré ni mo fi fà á. Mo ti kọ ọjọ́ òní sábẹ́ àga kẹ̀kẹ́ bí Ìyá Oko ṣe kọ́ mi.

ỌmọEtíÒkun, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ kú oríire o, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ti wo gbogbo kálípà tí ó wà lọ́dọ̀ mi láti àárọ̀. Ọ̀gá, kí ni kí a ṣe sí epo tí ó ṣẹ́ kù nínú ìgò, àti èyí tí a fà jáde?

Ọ̀gáSípánà, Ọjọ́ Àìkú

Èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú ìgò tí a ti ṣí ń mu omi láti ọjọ́ tí a ti ṣí i, bí a tilẹ̀ dé e. Bí ẹ bá dé e pinpin, ẹ lè fi bu kún agolo láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í lò ó fún iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn òjò kan. Ìgò kékeré ni kí ẹ máa rà. Ìdajì lítà máa ń tó fún kẹ̀kẹ́ kan, iwájú àti ẹ̀yìn.

Èyí tí ẹ fà jáde kò gbọdọ̀ padà sínú agolo láéláé, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó lójú. Ẹ má dà á sí ẹ̀bá kànga tàbí sínú gọ́tà. Ẹ rọ ọ́ sínú ike tí ó ní ìdérí, kí ẹ kọ “májèlé” sí i lára gàdàgbà, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ jọ oyin.